DEHP, DINP, DOTP tàbí DINCH: èwo ló yẹ nínú ike rírọ̀, ibo ni kò sì yẹ?

Bí PVC, irú ike kan, ṣe ń jáde nílé iṣẹ́, gbagidi ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi àti férémù fèrèsé. Kó tó lè di ìbọ̀wọ́, awọ àga, ara wáyà iná, rọ́bà tí a ń tẹ́ sílẹ̀ tàbí àpò tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí, ó di dandan kí wọ́n po ohun kan tó dà bí òróró mọ́ ọn. Ọdún 1926 ni Waldo Semon, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich ní Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n rẹ̀. Òróró yìí ni n ó máa pè ní amúkerọ̀, bí a ṣe ń pe ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù ní amúlétutù. Ìdílé phthalate ló pọ̀ jù nínú àwọn amúkerọ̀, DEHP ló sì lókìkí jù nínú ìdílé náà, òkìkí rere àti ti burúkú. DINP, DOTP àti DINCH wà lára àwọn tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yan èyí tó dára nínú wọn ní láti kọ́kọ́ mọ nǹkan kan: amúkerọ̀ kò so mọ́ ike. Ńṣe ló kàn há sáàárín àwọn okùn tín-ín-rín tí PVC jẹ́, tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn. Kì í sì í ṣe díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Nínú àpò rírọ̀ ti ilé ìwòsàn, ó lè tó ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ike náà. Ohun tí kò so sì lè jáde. Ooru lè lé e sínú afẹ́fẹ́. Epo tàbí ọ̀rá tó bá kàn án lè fà á mu. Ike mìíràn tó bá fara kàn án pàápàá lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́: tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí rúlà ike fún oṣù mélòó kan, ẹ ó bá a pé ó ti jẹ rúlà náà wọnú, méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀. Amúkerọ̀ ló kó kúrò nínú rọ́bà, tó lọ fi inú rúlà ṣe ilé.

Nítorí náà, lójú tèmi, "ṣé phthalate wà nínú rẹ̀?" nìkan kò tó béèrè. Ìbéèrè tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ni pé: kí ni yóò kàn án, báwo ni yóò ṣe gbóná tó, ara ta ni yóò sì dé? Amúkerọ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan nínú wáyà tó wà nínú ògiri lè jẹ́ ìṣòro lẹ́nu ọmọ oṣù mẹ́fà.

Àwọn kékeré, àwọn àárín, àwọn ńlá

Tí a bá fi ìwúwo mólékù to àwọn phthalate, DEP jẹ́ nǹkan bí 222, DBP 278, BBP 312, DEHP 390, DINP 418, DIDP 447. Èyí tó bá fúyẹ́ tètè ń fò lọ, èyí tó bá wúwo ń pẹ́ nínú ike. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní bá DEP nínú wáyà. Inú lọ́fínńdà ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà, níbi tó ti ń jẹ́ kí òórùn dídùn pẹ́ lára. DBP wà nínú ọ̀dà èékánná títí Yúróòpù fi lé e kúrò nínú ohun ìṣaralóge. Ó tún máa ń wà nínú gọ́ọ̀mù àti tàdáwà ìtẹ̀wé. BBP ní tiẹ̀, rọ́bà ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé bí mólékù bá ṣe kéré tó ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ni wàhálà wà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fún abo eku tó lóyún ní kèmíkà wọ̀nyí, àwọn tí ìrù mólékù wọn, ìyẹn ẹ̀ka tó yọ jáde lára òrùka tó wà láàárín rẹ̀, kò kúrú jù, tí kò sì gùn jù, ló dín testosterone, hòmónù ọkùnrin, kù lára ọmọ inú wọn. Wọ́n bí akọ ọmọ eku tí kórópọ̀n wọn kò sọ̀ kalẹ̀, tí ojú ihò ìtọ̀ wọn kò sí níbi tó yẹ, tí àlàfo láàárín ihò ìdí àti nǹkan ọmọkùnrin wọn sì kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. DBP, DIBP tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, BBP àti DEHP wà nínú agbo yìí. DEP tí ìrù rẹ̀ kúrú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni DIDP tí ìrù rẹ̀ gùn. DINP wà létí agbo: ó ń ṣe é, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò le tó ti àwọn yòókù.

EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, fi nọ́ńbà sí i ní 2019. Tí a bá ní agbára DEHP jẹ́ 1, ti DBP jẹ́ 5, ti DINP jẹ́ 0.3, ti BBP jẹ́ 0.1. Wọ́n wá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n ní tí a bá ṣírò agbára gbogbo wọn bíi pé DEHP ni wọ́n, kò yẹ kó kọjá máíkírógíráàmù 50 fún kílò kan ìwúwo ara lójúmọ́. Fún ọmọ tó wúwo kílò 10, ìdajì mílígíráàmù péré nìyẹn.

Ti èèyàn ńkọ́? Ní 2005, ìwádìí kan tí Shanna Swan ṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ìyá tí àmì phthalate kan pọ̀ nínú ìtọ̀ wọn nígbà oyún bí ọmọkùnrin tí àlàfo tí mo sọ lókè yẹn kúrú díẹ̀. Irú ìwádìí báyìí ń fi hàn pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀. Kò fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Àmọ́ ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lára eku mu, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fojú kéré rẹ̀. Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀. DEHP fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún eku ńlá àti eku kékeré, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sì fi í sí ìpele 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é nínú ẹ̀dọ̀ eku kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú ẹ̀dọ̀ tiwa. Tí mo bá fẹ́ máa ṣàníyàn nípa DEHP, ọ̀rọ̀ hòmónù ọmọ inú oyún ló máa gbé mi lọ́kàn, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

DEHP àti DINP

Nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í lé DEHP, DINP ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sá lọ bá. Ó rọrùn fún wọn: ẹ̀rọ kan náà, ọ̀nà ìpoǹkanpọ̀ kan náà, ike tó jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ó wúwo ju DEHP lọ, kì í sì í tètè fò. Nínú wáyà, nínú rọ́bà ilẹ̀, nínú awọ àga ọkọ̀, èmi ò rí ìdí láti bá ẹni tó lo DINP jà.

Ohun ìṣeré ọmọdé ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òfin Yúróòpù ti 2005 lé DEHP, DBP àti BBP kúrò nínú gbogbo ohun ìṣeré bí wọ́n bá ti ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì lé DINP àti DIDP kúrò nínú èyí tí ọmọ lè ki bọ ẹnu. Amẹ́ríkà ṣe tiẹ̀ ní 2008. Nígbà tó di 2017, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà níbẹ̀ jókòó tún un wò, ó sọ ìfòfindè DINP di ti títí láé, ó sì dá DIDP sílẹ̀. Ẹ rí i pé ìdájọ́ ìrù mólékù náà ló tún padà wá. California pẹ̀lú ti kọ DINP sínú ìwé àwọn ohun tó lè fa jẹjẹrẹ láti 2013.

Fún ohun tí ọmọ máa jẹ lẹ́nu, méjèèjì ò yẹ. Fún ohun tó máa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tàbí nínú ògiri, DINP sàn ju DEHP, DIDP sì sàn ju DINP.

DEHP àti DOTP: Táyé àti Kẹ́hìndé tí ìwà wọn ò jọra

Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìfiwéra yìí. DEHP àti DOTP ní iye kábọ́ọ̀nù kan náà, háídírójìn kan náà, ọ́síjìn kan náà: C24H38O4. Ìwúwo wọn dọ́gba. Ohun tó yà wọ́n ni ibi tí apá wọn, ìyẹn ìrù tí mo sọ lókè, so mọ́. Nínú DEHP, apá méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára òrùka tó wà láàárín. Nínú DOTP, wọ́n kọjú síra, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ara mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Tí DEHP bá dé inú ìfun, ara á gé apá kan kúrò, á ku ohun tí wọ́n ń pè ní MEHP, òun gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí DOTP bá dé, apá méjèèjì ni ara sábà máa ń gé dànù, ohun tó kù á sì bá ìtọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fún eku tó lóyún ní DOTP, kò sí èyí tó ṣe akọ ọmọ inú wọn bíi ti DEHP. Tí ìwé ọjà bá sì wí fún yín pé DEHT ló wà nínú rẹ̀, òun náà ni DOTP.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, PET, ní "terephthalate" nínú orúkọ, àwọn kan sì ti tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìgò. PET kì í ṣe amúkerọ̀, wọn kì í sì í po amúkerọ̀ mọ́ ọn. Nínú rẹ̀, ẹ̀ka ọ̀hún ti so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gígùn. Òjìji ni wọ́n ń sá fún.

Àwọn tí kì í ṣe phthalate rárá

DINCH ni BASF, ilé iṣẹ́ kèmíkà kan ní Jámánì, mú wá sọ́jà ní 2002. DINP ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fi háídírójìn kún òrùka tó wà láàárín títí kò fi ní jẹ́ phthalate mọ́. EFSA fàyè gba mílígíráàmù 1 fún kílò kan ìwúwo ara lójúmọ́, ìyẹn ìlọ́po 20 ti DEHP, kíndìnrín eku ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó fi ààlà síbẹ̀. Ohun ìṣeré, páìpù ilé ìwòsàn àti ìdérí oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó fún jù. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé kì í jáde nínú ike. Ní Jámánì, wọ́n yẹ ìtọ̀ tí wọ́n ti tọ́jú pa mọ́ láti ọdún pípẹ́ wò: kò sí àmì DINCH nínú ti 1999 àti 2003. Ní 2006, wọ́n rí i nínú ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di 2012, ìdá 98 ni. Bí ohun kan ṣe gbòde nìyẹn láàárín ọdún mẹ́wàá.

ATBC wá láti ara ásíìdì tó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Kì í ṣòro fún ara láti tú u ká, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe ìwọ̀ oògùn oníkóró. Ó fúyẹ́ díẹ̀ nínú ike, ó sì ń tètè jáde ju DINCH lọ, nítorí náà ohun tí a kò ní lò pẹ́ ló yẹ fún.

Òróró sóyà tí wọ́n ti yí padà, ESBO, ni ẹ ó bá nínú rọ́bà roboto tó wà lábẹ́ ìdérí ìgò oúnjẹ. Àwọn èèyàn á gbọ́ "sóyà", ọkàn wọn á balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: tí oúnjẹ inú ìgò náà bá kún fún epo, ESBO máa ń wọ inú rẹ̀ dáadáa, Yúróòpù sì ti fi ààlà sí iye tó lè wọ oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ara irúgbìn tí nǹkan ti wá kọ́ ló ń sọ bóyá yóò jáde tàbí kò ní jáde.

TOTM wúwo gan-an, ó tó 547. Ó ń farada ooru, kì í fò lọ, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ọ̀rá. Wáyà tó ń gbóná àti páìpù ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni ó bá mu jù.

Àpò ẹ̀jẹ̀, níbi tí DEHP ṣì ti ń jẹ ọba

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dáa nípa DEHP, torí ó tọ́ sí i. Ní nǹkan bí 1950 ni àpò ike bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ìgò nínú ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni wọ́n wá rí i pé DEHP tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, ó ń mú kí awọ náà lágbára, kí sẹ́ẹ̀lì má tètè bẹ́. Òun wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa lè pẹ́ tó ọjọ́ 42 nínú fíríìjì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá ni wọ́n rí yìí. DINCH àti àwọn yòókù kì í dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ẹ̀, àfi tí wọ́n bá yí omi ìpamọ́ tó wà nínú àpò padà. Ìdí nìyí tí Yúróòpù, lẹ́yìn tó ti pinnu láti lé DEHP kúrò nínú ohun èlò ìṣègùn, fi sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ kìíní, oṣù keje, 2030.

Ẹni tó bá nílò ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí àpò rẹ̀. Ikú tó ń bọ̀ lónìí ju amúkerọ̀ lọ.

Ti ọmọ tí wọ́n bí láìpé ọjọ́ yàtọ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní páìpù mẹ́rin márùn-ún lára lẹ́ẹ̀kan náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ sì kéré. Ní 2002, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí àwọn ilé ìwòsàn wá ohun tí kò ní DEHP fún irú ọmọ yìí, àgàgà ọmọkùnrin, àti fún aboyún tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Oúnjẹ ọlọ́ràá tí wọ́n ń fà sí iṣan ló ń fa DEHP jáde jù, torí náà àpò EVA, irú ike mìíràn tí kò nílò amúkerọ̀ kankan, ló yẹ ẹ́. Oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ paclitaxel náà kì í bá PVC tó ní DEHP rẹ́, nítorí omi tí wọ́n fi ń tú u.

Nínú omi, nínú ẹrẹ̀, nínú iná

Níhìn-ín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó bí ìpolówó ọjà ṣe ń sọ ọ́. DEHP tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan méjì lọ kó tó túká. Nínú omi tí ọ́síjìn pọ̀ sí, kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í gùn láti ara ẹja dé ara ẹyẹ dé ara èèyàn, kó máa pọ̀ sí i bíi ti DDT, oògùn apakòkòrò, torí ara àwọn ẹranko ńlá ń tú u ká. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò tí kò sí ọ́síjìn, ńṣe ló ń jókòó síbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, gbogbo ìgbà ni a ń bá a nínú omi àti nínú eruku ilé, nítorí bí ti àná ṣe ń túká ni ti òní ń dé. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbà pé kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 8 lọ nínú lítà omi mímu kan. Amẹ́ríkà ní 6.

DBP léwu fún ẹja àti àwọn ohun alààyè inú omi ju DEHP lọ, torí ó ń yòrò sínú omi díẹ̀. DINP, DOTP àti DINCH pẹ̀lú ti wà nínú eruku.

Àtúnlò ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Wọ́n lè lọ PVC àtijọ́, kí wọ́n fi ṣe tuntun, DEHP ọdún 1990 á sì tún gorí ilẹ̀ wá nínú ohun tí a rà lónìí. Tí ẹ bá sì sun PVC, èyíkéyìí tó wù kó wà nínú rẹ̀, kilorínì tó wà nínú ike náà ló máa di èéfín tó ń ta imú àti májèlé tó ń jẹ́ dioxin. Amúkerọ̀ tó dára kò lè gba ike yìí lọ́wọ́ iná.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà

Imú kò lè ràn yín lọ́wọ́. DEHP fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òórùn, kò sì ní adùn tó ń sọ̀rọ̀. Ní Taiwan ní 2011, àwọn kan ti ń fi òun àti DINP rọ́pò òróró nínú èròjà tó ń mú omi èso ki, ọ̀pọ̀ èèyàn mu ún kí ilé ìyẹ̀wò tó rí i. Òórùn líle tó ń jáde lára ike tuntun, nǹkan mìíràn ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wo ìdí ike náà. Nọ́ńbà 3 nínú àmì àtúnlò ni PVC. Tí ó bá jẹ́ 2, 4 tàbí 5, polyethylene tàbí polypropylene ni, àwọn yìí kì í sì í nílò amúkerọ̀. Fún ohun tí ọmọ máa jẹ lẹ́nu, fún ohun tí a máa mú gbóná, fún ohun tí a máa da epo sí, èmi kì í wá amúkerọ̀ tó sàn. Ike tí kò nílò rẹ̀ ni mo ń wá, tàbí silikóònù, tàbí gíláàsì. Fún ìbọ̀wọ́ tí a fi ń mú oúnjẹ ọlọ́ràá, nitrile, irú rọ́bà kan, ló yẹ kí ẹ rà dípò PVC. Japáànì ti fòfin de ìbọ̀wọ́ PVC tó ní DEHP nídìí oúnjẹ láti 2000.

"Kò ní phthalate" tí wọ́n kọ sára ọjà ń sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Tí olùtajà bá dá yín lóhùn pé DOTP, DINCH tàbí TOTM ni, ó mọ ohun tó ń tà. Ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ń gbé wá sọ́jà ní Yúróòpù láti oṣù keje, 2020 kò gbọdọ̀ ní DEHP, DBP, BBP àti DIBP tó ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lápapọ̀. Ti ẹ̀rọ oníná náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, 2019, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọn níbẹ̀.

Fún rọ́bà ilẹ̀, DOTP tàbí DIDP. Nínú lọ́fínńdà, DEP sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ "parfum" lórí ìwé rẹ̀. Tí aboyún bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ lórí èyí, kó ra ohun ìpara tí kò ní òórùn rárá.

Ti ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe kí òfin tó dé, tí ẹ jogún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó, ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ara rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, amúkerọ̀ rẹ̀ ló ń sun jáde. Bí ó bá sì ti dà bí ewé àgbọn, tí kàkà kó rọ̀ ó ń le sí i, ó ti jáde tán, ó sì ti dé ibi tó ń lọ.